Ajá Ẹnu Ọ̀nà Alájì Láwàní

Ráṣídì, gbé fóònù yẹn jìnnà sí ojú mi díẹ̀ kí n lè rí i. Ẹ̀n-ẹ́n. Ajá nìyí lóòótọ́. Etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń wo èèyàn bí ọlọ́pàá tó fẹ́ béèrè ìwé mótò. O ní málínúà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, o ní orí fóònù ni wọ́n ti ń tà á, o sì fẹ́ kó máa ṣọ́ ilé tuntun tí o kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Ó dáa. Ìwọ àti ìyàwó rẹ ń jáde lọ sí bíró, ibi iṣẹ́ yín, láàárọ̀, ẹ kì í dé títí oòrùn fi ń wọ̀. Ta ni yóò máa bá ajá yìí sọ̀rọ̀? Àbí fóònù náà ni yóò máa bá a sọ ọ́?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ jókòó yìí lẹ gbọ́n jù mí lọ nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀ fún mi. Ajá kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí n fẹ́ ìyá yín àgbà. Ká ní ajá yẹn borí ni, kò sí ẹnì kan nínú yín tí ì bá jókòó síbí máa jẹ ẹ̀pà mi.

Ẹ kò mọ Zangouettin àtijọ́, àdúgbò wa láàárín ìlú Wágà yìí. Ibi tí títì gbọọrọ gbà kọjá lónìí, tí àwọn ilé gíga onígíláàsì dúró sí, agbo ilé wa ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Ilé amọ̀ ni, ó máa ń tutù nígbà ooru, ó sì máa ń ya lulẹ̀ nígbà òjò. Ẹnu ọ̀nà wọn rẹlẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè wọlé láìtẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó ti máa gbọ́ àwọn tó ń lu aṣọ gínì kó lè máa dán, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní básẹ̀ẹ̀: kù-kù, kù-kù, ọkùnrin méjì, kóńdó igi méjì, aṣọ kan. Lẹ́yìn náà mobilẹ́ẹ̀tì kan, alùpùpù kékeré ìgbà yẹn, á dún, á kú, á tún dún. Lẹ́yìn náà àwọn ìyá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn láti ẹ̀yìn ògiri kan sí èkejì, ẹ̀kọ á sì ti jiná kí ìkíni náà tó tán. Ọjọ́ tí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, mo gbéra láti Dapoya tí mo ń gbé nígbà náà lọ wò ó, mo dúró sáàárín eruku, mo sunkún bí ọmọdé. N kò tijú láti sọ ọ́ fún yín.

Ìkíni yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń na tàntàn kọjá lójú àgbà. Àwọn tó wá láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tàwọn ti aṣọ àtàtà lọ́rùn. Àwa Nàgó tí a wá láti apá Kétu náà kò gbẹ́yìn. Àwọn Mọ̀ọ́sí onílùú tí a jọ ń gbé, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á béèrè ara ilé, wọ́n á béèrè ara oko, láàfí, láàfí, títí ẹ ó fi rò pé wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe. Lónìí, ẹ̀yin ń gbé ọwọ́ sókè látorí mótò, ẹ ní "Bàbá, ça va?" Kí n tó la ẹnu, ẹ ti dé ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ajá. Láyé ìgbà yẹn, a kì í fi ẹwà yan ajá, iṣẹ́ ilé la fi ń yàn án. Ọkùnrin kan wà nítòsí mi ní Paspanga, àdúgbò tí mo ti ń ta ohun èlò mobilẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ó lọ gbé ajá wá láti abúlé kan tí wọn ò ti mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rọ. Ajá náà á jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti ra púlọ́ọ̀gì tán, tó tẹ mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó dún, ajá á gbá tẹ̀lé e, á di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń gbé mobilẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá ra ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì rọra yọ́ lọ. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀dọ̀ mi ló sún mọ́ wọn jù, wọ́n sì ń yà sọ́dọ̀ mi. Mo máa ń fún ajá náà léegun nígbà míì, mo ní barka, ìyẹn o ṣeun.

Ẹni tó bá ń ta aṣọ kò gbọdọ̀ gbé ajá tí eyín ń yún. Obìnrin tó ń dín àkàrà, kó wá èyí tó ti darúgbó tí kò lè fò mọ́. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí, kí wọ́n wá èyí tó lè máa sùn nìṣó bí wọ́n bá ń fa ìrù rẹ̀. Mùsùlùmí sì ni wá, a kì í jẹ́ kó sún mọ́ ibi tí a ti ń kírun. Ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀, abẹ́ igi dóńgóyárò ni ibùsùn rẹ̀, ìyókù òkèlè tí a ń pè ní tó la sì fi ń bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń ra oúnjẹ inú agolo fún ajá. Bí ẹnikẹ́ni bá dán an wò, a ó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nínú gbogbo wa, Alájì Láwàní ni kò ṣe é bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ajá. Aṣọ gínì ló ń tà, ó ga fíofío, ó sì ní ọmọbìnrin kan tó kù sílé, Ràbíàtù. Ẹ ti mọ ẹni tí Ràbíàtù jẹ́. Alájì lọ sọ́dọ̀ Mọ̀ọ́sí kan tí ajá rẹ̀ bímọ, ó lóṣòó ti àwọn ọmọ ajá náà. Àwọn yòókù ń fò mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Alájì ní, "Èyí ló ní làákàyè," ó sì gbé e. Àwọn ará agbo ilé ń kùn pé odidi Alájì tó ti dé Mẹ́kà ló ń sin ajá. Ó kàn sọ ajá náà ní Jẹ́nsinmi. Bí wọ́n bá ti ń kùn, á gbóhùn sókè, á ní, "Jẹ́nsinmi! Jẹ́nsinmi o!" Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí.

Wàyí o, ohun tí Alájì kò kíyè sí nìyí. Orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí látàárọ̀, ajá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Kí ni ajá náà ń rí? Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀, àwọn tó ń kúnlẹ̀, àwọn tó ń lóṣòó. Ẹnu ọ̀nà tún rẹlẹ̀, Alájì fúnra rẹ̀ ń tẹ ẹ̀yìn kó tó wọlé. Jẹ́nsinmi wá gbà nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀dá tó bá fẹ́ ire á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó kọjá. Ẹni tó bá dúró gbọnrangandan, eyín ni.

Ọkùnrin tó ń wá ka iná mànàmáná dé lọ́jọ́ kan, tòun ti fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àti bàtà tó ń dún kò-kò-kò. Ó ní "Bonjour," ó fẹ́ kọjá. Jẹ́nsinmi tì í mọ́ ògiri títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀, tó ṣubú sórí orúnkún. Kíá, ìrù ajá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yẹn bá ti dé ìkóríta wa, á ti ṣí fìlà, á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú Alájì dùn dé góńgó. Ó ń pe àwọn èèyàn wá wò ó, ó ní, "Ẹ rí i? Ìjọba pàápàá ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

Bẹ́ẹ̀ ni Alájì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkàn èèyàn ni Jẹ́nsinmi ń rí. Nígbà Iléyá, wọ́n mú àgbò wọlé, àgbò náà tẹ orí ba láti kàn án, ajá rò pé wọ́n ń kí òun, ó ń ju ìrù, àgbò sì kàn án dé inú gọ́tà. Alájì ní ajá náà mọ̀ pé ẹran ẹbọ Ọlọ́run ni, ìdí nìyẹn tí kò fi bá a jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olè kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé, ó gbé àkùkọ Ràbíàtù, ajá sì sìn ín dé ìta. Ràbíàtù bú sẹ́kún. Alájì ní olè kọ́ nìyẹn, ó ní ẹni rere tí ebi ń pa ni. Kí lẹ máa sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Ẹ rò ó wò, irú ẹnu ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà wọlé lọ tọrọ ìyàwó nìyẹn.

Èmi àti Ràbíàtù ti gbọ́ ara wa yé nídìí ẹ̀rọ omi. Alájì mọ àwọn èèyàn mi, ó mọ iṣẹ́ mi, kò ní ohunkóhun lòdì sí mi. Ó kù kí n wá fi ara hàn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé, mo ń dán mobilẹ́ẹ̀tì kan wò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ìjánu rẹ̀ ni mo gbàgbé pé n kò tíì dè. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ń fà ló dá mi dúró, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà kò sì bẹ̀bẹ̀. Mọ̀ọ́sí kan tó mọ eegun tò fi igi di ẹsẹ̀ mi láti itan dé kókósẹ̀, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kí òun tó tú u, kí n má padà wá sọ́dọ̀ òun. Ẹsẹ̀ mi wá nà gbọọrọ bí ọmọ odó, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n má ṣubú.

Mo lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù ló sìn mí. A dé ẹnu ọ̀nà, Gàníyù dọ̀bálẹ̀, Jẹ́nsinmi lá a létí, ó wọlé. Ó kan èmi. Mo fi ọ̀pá ti ara mi, mo ń fi ẹnu kí: ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ilé, ẹ kú eruku ọyẹ́, ẹ kú ọjà. N kò tíì kí ẹnikẹ́ni báyẹn rí láyé mi. Ajá náà dìde, ó fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn mí, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn. Ó gbó títí àwọn tó ń lu aṣọ fi dáwọ́ dúró. Gàníyù yọ orí síta, ó ní, "Àbúrò, wọ́n ti gbé obì kalẹ̀. Ṣé kí n kúkú tọrọ ọmọ náà fún ara mi ni?"

Alájì mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, Jẹ́nsinmi ti rí nǹkan kan nínú ọkàn rẹ."

Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ mi ni. Ẹ wò ó, wọ́n fi igi dì í."

Ó ní, "Ajá kì í ṣe dókítà. Kì í wo ẹsẹ̀."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí mo ṣe ń tiro padà sílé, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, n kò lè jẹun. Kò pẹ́, Nọ́jímù dé. Òun náà ń ta aṣọ gínì, ìlú kan náà ni òun àti Alájì ti wá. Nọ́jímù mọ ìkíni débi pé bí ó bá dọ̀bálẹ̀, ẹ ó rò pé nǹkan rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ tó ń wá a. Ajá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Alájì ní ọkọ Ràbíàtù ti dé, ó dá oṣù ìgbéyàwó.

Ràbíàtù bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Kì í ṣe ọkàn ló ń wò. Èmi ni mo ń bọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ló ń wò. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ti di ará ilé."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ lọ gé e."

Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó lọ. Kó tó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ti sọ ọ́, Alájì sì bi í léèrè pé ìgbà wo ló di olùkọ́ ajá.

Ráṣídì, o rí i báyìí? Má bi mí léèrè irú ajá tó dára. Bi ara rẹ léèrè ohun tí ajá náà yóò máa rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ, nítorí ohun tí yóò kọ́ nìyẹn. Ilé yín kò ní àlejò, géètì yín kì í ṣí, ìyàwó rẹ sì ń bẹ̀rù ológbò. Ajá tó máa ń sùn ni kí ẹ wá.

"D'accord, ó dáa, Bàbá, ṣùgbọ́n àwọn olè ńkọ́?"

Sùúrù. Mo ṣì ń bọ̀.

Alájì wò ó pé ìgbéyàwó ń bọ̀, àlejò á pọ̀, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ yẹn kò yẹ òun mọ́. Ó pe bíríkìlà, wọ́n fọ́ ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n gbé e ga, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n parí rẹ̀, nígbà tí Alájì wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ ọ́ dàṣà láti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì aránṣọ tó wà ní òdìkejì, kí n na ẹsẹ̀ mi síta, kí n máa wo ẹnu ọ̀nà tí n kò lè wọ̀.

Alájì ń bọ̀ láti ibi ìrun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Nọ́jímù sì wà lẹ́yìn wọn. Agbádá funfun ló wọ̀, wọ́n ti fi sítáàṣì pa á débi pé kò ṣe é ká. Ó rí ilẹ̀kùn tuntun, ó rẹ́rìn-ín, ó na ara rẹ̀, ó ń bọ̀ wá wọlé ní ìdúró fún ìgbà àkọ́kọ́.

Jẹ́nsinmi dìde.

Alájì ní, "Jẹ́nsinmi, èmi ni." Ajá gbó. Alájì tún sún mọ́ ọn, ó ní, "Ṣé orí rẹ yí ni? Èmi ni mo ni ọ́!" Ajá fi eyín hàn án, Alájì sì fò sẹ́yìn tagbádá-tagbádá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ara wọn, torí kò sí ẹni tí Alájì kò tíì sọ fún pé ọkàn èèyàn ni ajá òun ń rí. Ọ̀kan nínú wọn rọra ní, "Alájì, ṣé kò sí nǹkan o?"

Nọ́jímù kò dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ajá yà fún un, ó wọlé. Ó yọ orí síta láti ẹnu ilẹ̀kùn tuntun, ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀, kò sóhun tó ń ṣe é." Oòrùn ọ̀sán Wágà ló ń pa Alájì níta ilé rẹ̀, Nọ́jímù sì wà nínú ibòòji. Ojú tí Alájì fi wò ó lọ́jọ́ náà, n kò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni fi wò mí.

Ràbíàtù jáde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Kí n bẹ̀rẹ̀ fún ajá?"

"Ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ló ń bá yín bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ti fọ́ ọ."

Alájì wo ilẹ̀kùn tuntun rẹ̀. Ó dúró, òógùn ń ṣàn. Nígbà tó pẹ́, tẹ̀sùbáà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó bọ́ fúnra rẹ̀. Alájì ní àá, tẹ̀sùbáà mi, ó sì tẹ̀ mú un. Ìrù Jẹ́nsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń lá a ní bàtà. Mo fi fìlà mi dí ẹnu. Aránṣọ sá wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀.

Ràbíàtù kò tíì dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹjọ́ tí Jẹ́nsinmi dá fún ẹlẹ́sẹ̀ dídì yẹn ló dá fún yín lónìí. Bí ọkàn tirẹ̀ bá burú, tiyín ńkọ́?"

Mo rò pé yóò fọ́ ọ létí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Nọ́jímù nínú ibòòji, ó wá gbójú sókè, ó rí mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ju ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo fi ọ̀pá ti ara mi, mo sọdá títì, mo dé iwájú ilẹ̀kùn. Ajá dìde, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró. N kò lè tẹ̀ síwájú, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú, níwájú gbogbo wọn.

Alájì ní, "Dúró."

Ó kó agbádá rẹ̀ jọ kí imú ajá má bàa kàn án. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Bàbá gíga yẹn, Alájì, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti gbogbo Zangouettin, rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sítáàṣì ń dún páráràpá, títí ó fi lóṣòó. Jẹ́nsinmi yí sí i, ó ń mi ìrù. Ọ̀nà ṣí. Mo dúró, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, torí n kò tíì rí i rí, n kò sì tíì gbọ́ ọ rí, kí bàbá ìyàwó lóṣòó fún ẹni tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀.

Kò gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Wọlé, ọmọ mi. Orúnkún ń dùn mí."